Ìyẹ̀fun Inú Ọ̀rá

Obìnrin tí mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀ ló ta ìyẹ̀fun náà fún mi. Àbúrò ọkọ mi ni. Bóyá ni ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì fi oṣù mẹ́ta ju ẹnì kejì lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọ̀ ọ́, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà. Lọ́dọ̀ wa ní Ṣakí, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ó ní láti wá orúkọ ìkẹ́ kan tí yóò máa pè é. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ni mo ti sọ ọ́ ní Ìdílẹ̀kẹ̀, nígbà tí mo ṣì rò pé a máa di ọ̀rẹ́. Òun ń pè mí ní Ìyàwó. Bó ṣe ń pè é, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nínú àgbàdo.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oríṣiríṣi èèyàn ló sì ti sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Mi ò gbàgbé.

Àkọ́bí mi, obìnrin, ti pé ọdún kan ó lé oṣù méjì nígbà tí èéyi mú un. Èéyi lọ, ṣùgbọ́n kò dá lọ, ó kó ara ọmọ náà dání. Irun rẹ̀ tó dúdú tẹ́lẹ̀ wá pọ́n bí irun orí àgbàdo, ó sì ń re sórí ìrọ̀rí. Apá rẹ̀ tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bí mo bá fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, ojú ibẹ̀ a jìn, a sì pẹ́ kó tó kún padà. Ọmọ tó máa ń bá mi jà sí ṣíbí wá ń wo ṣíbí bí àgbà ṣe ń wo àlejò tí kò mọ̀ rí. Kò tilẹ̀ ké. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, pé kò ké.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ, nọ́ọ̀sì fa káàdì rẹ̀ yọ. Wọ́n ti tẹ ọ̀nà kan sára káàdì náà, ọ̀nà tó ń gòkè bí ìgbà tí èèyàn ń gun òkè Adó-Àwáyè. Àmì ìwọ̀n ọmọ tí ara rẹ̀ dá a máa wà lójú ọ̀nà yẹn. Ti ọmọ tèmi ti já sínú igbó.

"Kí lò ń fún un jẹ?" nọ́ọ̀sì bi mí.

"Ẹ̀kọ ni, mà."

"Ẹ̀kọ àti kí ni?"

Mo wo ife ọwọ́ mi.

"Ẹ̀kọ àti omi," ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ àti omi náà ló wà nínú ife ọwọ́ tiwọn. "Ìwọ tó o kàwé! Wò ó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ọ. Tí àmì yìí ò bá gòkè, mo máa kọ̀wé kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn. Mo ti fi ọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀ rí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà wá."

Ó ní kí n lọ wá ìyẹ̀fun purotíìnì rà, nítorí èyí tí ìjọba kó fún wọn ti tán, kí n máa bu ṣíbí ńlá méjì sínú ẹ̀kọ rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ jẹun. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló ṣì wà lẹ́yìn wa.

Nígbà náà, agolo mílíìkì ti di ohun tí èèyàn kàn ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ní ìyẹ̀fun náà ní àdúgbò wa ni Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, ó ń ta ọṣẹ, ṣúgà, kẹrosíìnì. Àwọn awakọ̀ tírélà ló ń bá a gbé àpò ìyẹ̀fun náà bọ̀, òun á wá máa fi kóńgò wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá funfun, á so ó.

"Ti ọmọ wa ni mo fi ya èyí sọ́tọ̀, Ìyàwó," ó wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ti ara ilé ni."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an o.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi fún un ní ìyẹ̀fun yẹn láì já ọjọ́ kan. Ẹsẹ̀ ò fà. Irun ò yé re. Mo kọ́kọ́ bá Ọlọ́run wíjọ́, mo bá ara mi wíjọ́, kí n tó wá wo inú ọ̀rá náà dáadáa. Bí mo bá bù ú sínú ẹ̀kọ, ẹ̀kọ náà á ki, á máa fà bí oje igi. Mo fi ìka méjì ra á, ó ń dún fín-ín fín-ín bí sítáàṣì tí a fi ń lọ yúnífọ́ọ̀mù nílé ìwé. Mo tọ́ ọ wò. Kò rùn bí mílíìkì, kò rùn bí ẹ̀wà. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu.

Nílé ìwé, ní fọ́ọ̀mù kẹta, tíṣà sáyẹ́ǹsì wa máa ń kán ayodíìnì, oògùn ojú egbò yẹn, sórí iṣu tútù. Iṣu náà á dúdú bí aró. Tíṣà á ní, "Afúnnilókun nìyẹn." Á kán an sórí funfun ẹyin, kò ní yí padà. Á ní, "Amáradàgbà nìyẹn, èyí tí òyìnbó ń pè ní purotíìnì." Báyìí ni mo ṣe kó o sórí: méjèèjì kì í wà nínú abọ́ kan. Mo wá ìgò ayodíìnì tí bàbá ọmọ mi fi ń tọ́jú ojú egbò nígbà tó ṣubú lórí alùpùpù, mo da ìyẹ̀fun díẹ̀ sínú ọmọrí ife, mo kán an sí i.

Ó dúdú bí aró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Ọmọ mi ń gbẹ lọ lórí ẹní, inú mi sì ń dùn pé ọwọ́ mi tẹ obìnrin yìí. Mi ò fi ṣe nǹkan ìyangàn.

Mo pọn ọmọ, mo kó ọ̀rá àti ìgò dání, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán gangan ni. Káfíńtà kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ẹ̀kọ tútù jẹ àkàrà. Obìnrin méjì ń ra ọṣẹ. Mo kúnlẹ̀ tán kí n tó jà, nítorí pé bí mi ò bá kúnlẹ̀, ìyẹn ni wọn ì bá fi pa ẹjọ́ mi.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ kú ọjà."

"Ìyàwó. O ò níṣẹ́ nílé ni?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ló rán mi wá. Ó ní kí n bi yín pé kí lẹ fi bu oúnjẹ òun là."

Ẹni tó ń ka owó ọṣẹ dáwọ́ dúró. Mo da ìyẹ̀fun sórí tábìlì rẹ̀, mo kán ayodíìnì sí i lójú gbogbo wọn.

"Ẹ wò ó bó ṣe dúdú. Sítáàṣì ni. Sítáàṣì lẹ tà fún ọmọ tó ń kú lọ."

Mo rò pé ojú á tì í. Kò tì í rárá. Ó wọlé, ó wọ́ àpò ìyẹ̀fun náà jáde, ó sì nà án sí mi lójú.

"Ìwọ lo kàwé nínú wa. Kà á."

Mo wò ó. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́ sára àpò náà, ó hàn ketekete.

"Kà á sókè, Ìyàwó. Etí àwọn oníbàárà mi ò di."

"Àgbàdo," mo wí. "Ẹ̀wà sóyà. Mílíìkì."

"Kí ló ṣáájú?"

"Àgbàdo."

"Ẹ gbọ́ o! Ṣé ti yunifásítì ni àgbàdo tiyín tí kò fi ní sítáàṣì nínú?"

Káfíńtà na ẹ̀kọ ọwọ́ rẹ̀ sí mi. "Ìyàwó, ẹ bá mi kán an sí tèmi náà, ká mọ̀ bóyá ìyá ẹlẹ́kọ ń lù wá ní jìbìtì." Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gba ìgò, ó kán an. Ẹ̀kọ náà dúdú bí aró. "Háà! Ọ̀daràn ni ìyá ẹlẹ́kọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn mi fi jí. Mo kó ìgò àti ọ̀rá mi. Bí mo ṣe ń lọ, mò ń gbọ́ ohùn Ìdílẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn mi: "Ẹ bá mi kí tíṣà yín o, sáyẹ́ǹsì!"

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ìyá ọkọ mi. Láfún ni ìyá ń ṣe. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á rẹ ẹ̀gẹ́, á fún un, á sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa títí á fi gbẹ táútáú. Àwọn èèyàn ń ti Ìsẹ́yìn wá ra láfún rẹ̀. Inú ìgò kọ́ ni ìmọ̀ tirẹ̀ wà, inú ahọ́n àti ìka rẹ̀ ló wà.

"O lọ bú ọmọ mi lójú títì," ó wí, kò wojú mi. "Ìwọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé lọ́dún méjì àbọ̀ sẹ́yìn!"

"Ìyá, ẹ máa bú mi," mo wí. "Ẹ bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́ ọ wò. Èmi kàwé, ìwé sì ti já mi kulẹ̀ lónìí. Ọwọ́ tiyín ò ka ìwé kankan."

Mo tú ọ̀rá náà síwájú rẹ̀. Ìyá wo ọmọ ẹ̀yìn mi, ó wá ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá. Ó ra á láàárín ìka. Ó gbóòórùn. Ó fi lé ahọ́n, ó pa ẹnu dé, ó ń mi ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ronú. Mo gbọ́ tí nǹkan ró kẹ́rẹ́ láàárín eyín rẹ̀. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó lójú oòrùn: yanrìn wẹ́wẹ́ ni, tó ń dán bí ojú ẹja, irú èyí tó máa ń bó lára àpáta ẹ̀yìn ilé wa.

Ìyá dìde. Ó lọ sídìí ìkòkò láfún rẹ̀, ó bu èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó tọ́ ọ wò.

"Òjò mú èyí lórí àpáta," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo kù gìrì gbá a jọ ni. Ó ní òun fẹ́ fi rokà fún àwọn ọmọ òun."

"Ta ni, Ìyá? Ìdílẹ̀kẹ̀? Láfún yín ló wà nínú rẹ̀?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ báyìí!"

"Mo ní n ò sọ bẹ́ẹ̀!" Ó da ìyókù padà sínú ìkòkò, ó sì dé e gbọn-ingbọn-in.

Bàbá ọmọ mi ń ṣe tíṣà ní Ìgbòho, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Ó pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀ láìtíì bọ́ bàtà. Ìdílẹ̀kẹ̀ ti wé gèlè bí ẹni tó ń re ilé ẹjọ́. Ó búra: Wọ́láhì, bó ṣe ti inú àpò wá lòun ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ó ní owú ló ń jẹ mí, pé ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń wo ṣọ́ọ̀bù òun.

"Ṣọ́ọ̀bù!" mo wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù apààyàn ṣe?"

"Ó tó," bàbá ọmọ mi wí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ó ní ẹ tọ́ ọ wò. Kí lẹ bá níbẹ̀?"

Gbogbo wa wo ìyá. Ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ méjèèjì sì kọ ojú sí ìyá gan-an.

"Mo ti dàgbà," ìyá wí. "Ẹnu mi ò mọ adùn mọ́. N ò bá nǹkan kan."

Obìnrin tó lè fi imú lásán mọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta yàtọ̀ sí ti ọjọ́ mẹ́rin! Bàbá ọmọ mi mí kanlẹ̀, ó ní kí n bẹ àbúrò òun, kí ilé lè tòrò. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi nìkan ló bẹ̀ ẹ́.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ní, "Mo ti gbà, Ìyàwó. Àìmọ̀kan ni." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nọ́ọ̀sì pé. Mo da ìyẹ̀fun náà sí ààtàn. Mi ò ní ohun tí mo máa fi rọ́pò rẹ̀ ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ: mo rẹ ẹ̀wà, mo bó èèpo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lọ̀ ọ́, mo sè é títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo gún ẹ̀pà. Mo fọ́ ẹyin sí i. Ìka ni mo fi ń fi í sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ọmọ ẹyẹ. Bó bá tu ú dà, mo tún bù ú. Mo ń kọrin fún un, mo sì ń ṣépè fún àǹtí rẹ̀ láàárín orin kan sí èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wàrà nínú igbá lẹ́nu ọ̀nà mi, wàrà tútù tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo tún bá a. Ìyá ò bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tún wà nílé tó lè gbé e síbẹ̀? Mo fọ́ ọ fún ọmọ, mo sì dá igbá padà láì dúpẹ́.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n, ìyá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ró aṣọ. "Gbé e wá," ó wí. Ó pọn ọmọ, ó ṣáájú, mo tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Ó tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ ò jìn tó ti tẹ́lẹ̀. Ó wo òṣùwọ̀n, ó tún un wò. Ó fi bírò kán àmì sórí káàdì: àmì náà ṣì wà nínú igbó, ṣùgbọ́n ó ti kọjú sí ọ̀nà.

"Omi ń fà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì tún wúwo sí i," nọ́ọ̀sì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀. "N ò ní kọ̀wé Ìbàdàn. Ẹ rí i? Ìyẹ̀fun yẹn ṣiṣẹ́!" Ó kọjú sí bẹ́ǹṣì, ó gbóhùn sókè. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ọmọ yìí! Níbo lo ti rà á? Sọ fún wọn, kí gbogbo wọn lọ rà á lónìí."

Mo wo bẹ́ǹṣì náà. Ọmọ tí irun rẹ̀ pọ́n wà níbẹ̀, ó tó mẹ́rin. Ọ̀kan ń sùn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn ìyá wọn ń wo ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rántí ẹ̀rín káfíńtà, mo rántí pálọ̀. Ta ni yóò gbà mí gbọ́?

"Ẹ má rà á," ìyá ọkọ mi wí.

Nọ́ọ̀sì yíjú. "Mámà, kí lẹ wí?"

"Mo ní kí wọ́n má rà á. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì yẹn, inú ọ̀rá funfun, láfún wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹyin ni ìyá ọmọ yìí fún un jẹ."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé láfún ni?"

"Láfún mi ni," ìyá wí. "Ọmọ mi ló fi bù ú là. Ọmọ tí mo fi inú mi bí."

Ìyá gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó pọ̀n ọ́n, ó so ọ̀já le.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀nà àpáta kó tó bá mi sọ̀rọ̀. "Má rò pé torí tìrẹ ni."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Bó o ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìwà ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ni. N ò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́."

"Èmi náà ò tíì dárí ti pálọ̀ jì yín."

Ó dúró. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, mo sì ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ké lẹ́yìn rẹ̀. Ẹkún náà kì í ṣe ti àìsàn. Ó na ọwọ́ sí obìnrin kan tó ń gbé mọ́ínmọ́ín kọjá, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ìyá ní ẹ̀gbẹ́, ó ń lọgun pẹ̀lú ìbínú. Ó ti lé lóṣù kan tí ọmọ mi ò ti bá ẹnikẹ́ni bínú.

Ìyá ra mọ́ínmọ́ín kan. Ó bó ewé rẹ̀, ó fi ìka já a, èmi náà já tèmi. A dúró sínú oòrùn, a ò wo ojú ara wa, a ń fi í sí i lẹ́nu, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ àwa méjèèjì.